Ta Ni Ìyìn Tọ́ Sí? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Fífi Èròjà-Bíńtín Kún Sìmẹ́ńtì Egungun

1.0 Ìfáàrà

Ète iṣẹ́ yìí ni láti yẹ ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ ń gbé kalẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá sọ pé fífi èròjà-bíńtín kún sìmẹ́ńtì egungun ń mú kí egungun tuntun tètè hù. Ohun tí ‘èròjà-bíńtín’ dúró fún níhìn-ín ni àwọn èròjà tí ó wà nínú ara ènìyàn ní ìwọ̀n kékeré: síńkì, sítírọ́ńtíọ̀mù, sílíkọ̀nù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Magnísíọ̀mù pọ̀ nínú ara jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n agbo kan náà ni àwọn tí ń kọ̀wé lórí sìmẹ́ńtì máa ń kà á mọ́, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò ní yọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé tí ó ti jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń tọ ipa kan náà. Òǹkọ̀wé yóò kọ́kọ́ sọ pé èròjà báyìí wà nínú egungun ènìyàn. Yóò fi èròjà náà kún sìmẹ́ńtì. Yóò da sẹ́ẹ̀lì lé sìmẹ́ńtì náà lórí nínú àwo ìwádìí, yóò sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò kéde pé èròjà náà ni ó ṣe é. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ bá jiyàn. Bí èròjà kan bá wọ inú sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ kì í wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀: ìyára tí ó fi ń dì yí padà, ìtóbi hóró rẹ̀ yí padà, bí ó ti ń yòrò nínú omi ara náà sì yí padà. Ìyìn tí wọ́n fún èròjà lè jẹ́ ti sìmẹ́ńtì tí ó ti yí padà. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò tíì mọ ẹni tí ìyìn tọ́ sí.

Kì í ṣe àríyànjiyàn orí tábìlì lásán ni èyí. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lo sìmẹ́ńtì yìí fún jù lọ ni àwọn àgbàlagbà, pàápàá àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá, tí egungun wọn ti gbẹrẹfu, tí ìṣubú kékeré fi ń ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ tàbí tí ó ń fọ́ egungun ẹ̀yìn wọn. Oògùn tí aláìsàn ń gbé mì ṣeé dá dúró bí ewu rẹ̀ bá hàn. Sìmẹ́ńtì tí ó ti dì nínú egungun kò rọrùn láti yọ. Nítorí náà ẹ̀rí tí ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ béèrè kí ó tó gbà á gbọ́dọ̀ wúwo ju ẹ̀rí orí àwo lọ.

2.0 Sìmẹ́ńtì Egungun àti Ìṣe Rẹ̀

Sìmẹ́ńtì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì oníke tí John Charnley lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìparí àwọn ọdún 1950 láti fi di ìbàdí àtọwọ́dá mú. Sìmẹ́ńtì oníke a máa gbóná gan-an bí ó ti ń dì, kì í sì í yòrò. Bí ó ti wọlé ni yóò ṣe wà títí. Sìmẹ́ńtì fọ́sífétì kálísíọ̀mù ní tirẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi. W. E. Brown àti L. C. Chow ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní ilé-ìwádìí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà ní Gaithersburg, ìpínlẹ̀ Maryland, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọ̀rọ̀ eyín ni wọ́n ń bá kiri kí wọ́n tó kan ohun tí ó wúlò fún egungun. Lọ́dún 1996, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi irú rẹ̀ kan dí ihò inú egungun agbárí.

Bí ó ti ń dì ṣe pàtàkì fún àlàyé tí ń bọ̀. Nígbà tí omi bá kan ìyẹ̀fun náà, ìyẹ̀fun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò. Ohun tí ó yòrò yóò tún kóra jọ di hóró tuntun, tín-ín-rín, tí wọ́n wọ inú ara wọn bí ẹ̀ka igbó tí ó dí. Wíwọnú ara wọn yìí ni ó sọ lẹ́ẹ̀ rírọ̀ di ohun líle. Bí omi náà kò bá kan púpọ̀, tí ìwọ̀n pH rẹ̀ ju 4.2 lọ, hóró ápátáìtì ni yóò hù, èyí tí ó sún mọ́ ohun líle inú egungun. Bí ó bá kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, búrúṣáìtì ni yóò hù. Láti ọdún 1989 ni sìmẹ́ńtì búrúṣáìtì ti wọ inú ìwé àwọn onímọ̀. Búrúṣáìtì ń tètè yòrò nínú ara, ápátáìtì a sì máa pẹ́, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìrètí tí wọ́n gbé lé sìmẹ́ńtì yìí kò ju ohun tí àwọn àgbà Yorùbá ti sọ lọ, pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Wọ́n fẹ́ kí sìmẹ́ńtì pẹ́ lára egungun kí ó sì di egungun: kí sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ egungun máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì tí ń mọ egungun sì máa mọ tuntun sí ipò rẹ̀. Ní ìṣe, ìyípadà náà lọ́ra. Sìmẹ́ńtì náà sì máa ń fọ́ bí ìkòkò bí ohun kan bá fà á tàbí tí ó tẹ̀ ẹ́, bí ó tilẹ̀ lè fara da ìnilára. Ìlọ́ra yìí ni èrò èròjà-bíńtín dìde láti wò sàn.

3.0 Ìpìlẹ̀ Èrò Náà: ‘Ó Wà Nínú Egungun’

Ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ tí àwọn òǹkọ̀wé ń fún fífi èròjà kan kún sìmẹ́ńtì ni pé èròjà náà wà nínú egungun. Òtítọ́ ni pé ó wà níbẹ̀. Àgbàlagbà kan ní nǹkan bí kìlógíráàmù 1 kálísíọ̀mù nínú ara, 99% rẹ̀ sì wà nínú egungun àti eyín. Ó ní nǹkan bí gíráàmù 25 magnísíọ̀mù, tí ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ wà nínú egungun. Ó ní gíráàmù 2 sí 3 síńkì, tí nǹkan bí 30% rẹ̀ wà nínú egungun. Ápátáìtì egungun kì í ṣe ápátáìtì inú ìwé. Ó gba àlejò púpọ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n pé àlejò wà nínú ilé kò fi hàn pé òun ni ó kọ́ ilé. Òjé náà wà nínú egungun. Ó ju 90% òjé tí ó wà nínú ara àgbàlagbà lọ tí ó wà níbẹ̀, májèlé sì ni òjé. Kò sí ẹni tí ó dábàá kí wọ́n fi í kún sìmẹ́ńtì. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń yin àdó olóró nínú afẹ́fẹ́ ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, sítírọ́ńtíọ̀mù-90 tí ó bọ́ sílẹ̀ wọ inú eyín àti egungun àwọn ọmọdé, kì í sì í ṣe pé ara nílò rẹ̀. Ó wọlé nítorí pé ó jọ kálísíọ̀mù, ara kò sì dá wọn mọ̀ yàtọ̀ dáadáa. Egungun jẹ́ àpótí ìkó-nǹkan-sí. Ohun tí ó wà nínú àpótí lè jẹ́ ohun-èlò, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó sì lè jẹ́ ohun tí ó kàn ṣèèṣì wọlé. Nítorí náà, ìpìlẹ̀ yìí lè mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ṣùgbọ́n kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

4.0 Àyẹ̀wò Èròjà Mẹ́rin

4.1 Magnísíọ̀mù

Áíọ̀nù magnísíọ̀mù kéré sí ti kálísíọ̀mù ní nǹkan bí 28%. Bí ó bá wọ àárín hóró ápátáìtì, kì í jẹ́ kí ó dàgbà bí ó ti yẹ. Nínú sìmẹ́ńtì ápátáìtì, èyí lè jẹ́ ìdíwọ́, nítorí dídì rẹ̀ yóò falẹ̀. Nínú sìmẹ́ńtì búrúṣáìtì, ìdíwọ́ náà di àǹfààní. Ohun tí ó ń ba búrúṣáìtì jẹ́ ni pé ó lè yí padà di ápátáìtì nínú ara kí ó tó yòrò tán, àǹfààní yíyòrò kíákíá yóò sì sọnù. Magnísíọ̀mù a máa dí ìyípadà yìí lọ́nà, sìmẹ́ńtì náà yóò sì máa yòrò lọ.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí níhìn-ín ni irú àlàyé náà. Kò sí ẹni tí ó ní láti sọ pé magnísíọ̀mù bá sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ó ṣe, ara sìmẹ́ńtì ni ó ti ṣe é, ó sì ṣeé wọ̀n ní yàrá-ìwádìí. Èyí ni ìlò tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró sán-ún jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì jẹ́ ẹ̀rí fún kókó iṣẹ́ yìí: èròjà díẹ̀ tó láti yí sìmẹ́ńtì padà. Bí magnísíọ̀mù bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba, àwọn yòókù lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i.

4.2 Síńkì

Ti síńkì ni ó fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n hàn jù. Atsuo Ito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn ṣe iṣẹ́ tí ó fara balẹ̀ lórí fọ́sífétì kálísíọ̀mù tí ó ní síńkì nínú. Nínú egungun itan ehoro, èyí tí síńkì inú rẹ̀ jẹ́ 0.316% mú kí egungun tuntun pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ó pẹ́ títí dé ọ̀sẹ̀ 60, wọ́n rí i pé ibi tí síńkì ti jẹ́ 0.633%, jíjẹ egungun ni ó pọ̀ sí i. Láti orí èyí tí ó ṣe rere dé orí èyí tí ó ṣe ibi kò ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé ọ̀nà tí síńkì ń tọ̀ tóóró gan-an. Oníṣẹ́ abẹ kì í sì í wọn sìmẹ́ńtì bí oníṣègùn ti ń ka oògùn oníhóró: bí ihò inú egungun bá ti tóbi tó ni ó ń bù ú sí i. Èkejì ni àkókò. Ìwádìí tí ó bá parí ní ọ̀sẹ̀ 4 kì bá tí rí ohun tí ọ̀sẹ̀ 60 fi hàn. Ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tọ́ka sí iṣẹ́ yìí rántí pé ohun tí wọ́n lò kì í ṣe sìmẹ́ńtì, bí kò ṣe ohun tí wọ́n sun nínú iná bí amọ̀. Ohun tí a sun kì í yòrò bí ohun tí omi mú dì. Síńkì tí yóò jáde lára wọn lójúmọ́ kò lè jẹ́ ọgbọọgba, bí ìwọ̀n inú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé lórí sìmẹ́ńtì ni ó ń yá ẹ̀rí ohun sísun lò láìsọ fún òǹkàwé pé àyálò ni.

4.3 Sílíkọ̀nù

Lọ́dún 1970, Edith Carlisle fi hàn pé sílíkọ̀nù máa ń kóra jọ sí ibi tí egungun ọmọ ẹran ti ń le. Lẹ́yìn náà ó tún fi hàn pé ara àwọn òròmọdìẹ tí kò rí sílíkọ̀nù jẹ kì í dá ṣáṣá. Láti ibẹ̀ ni èrò ti dìde pé kí wọ́n fi í sínú ápátáìtì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìparí àwọn ọdún 1990, Gibson, Best àti Bonfield ṣe ápátáìtì tí sílíkọ̀nù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ẹran, egungun hù mọ́ ọn ju bí ó ti hù mọ́ ápátáìtì lásán lọ, ọjà sì gbà á.

Lọ́dún 2009 ni Marc Bohner, onímọ̀ kan ní Siwisalandi, gbé àríwísí kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí èròjà-bíńtín kà. Kò sọ pé àbájáde àwọn ìwádìí náà kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí ó béèrè rọrùn: ẹ̀rí wo ni ó wà pé sílíkọ̀nù tí ó jáde láti ara ohun náà ni ó mú egungun hù? Kò rí ẹ̀rí náà. Sílíkọ̀nù a máa sọ hóró ápátáìtì di kékeré, a máa yí ojú rẹ̀ padà, a sì máa mú kí ó tètè yòrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè mú egungun hù láìjẹ́ pé sílíkọ̀nù kan bá sẹ́ẹ̀lì kan pàdé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá ènìyàn lọ́jà tí ó sì búra pé ọ̀nà báyìí ni ó gbà dé, tí kò sì bá a rìn, ìméfò ni ó ń mé.

4.4 Sítírọ́ńtíọ̀mù

Sítírọ́ńtíọ̀mù ni ìrètí pọ̀ sí jù, ó sì yẹ kí àyẹ̀wò rẹ̀ gùn díẹ̀. Áíọ̀nù rẹ̀ fi nǹkan bí 18% tóbi ju ti kálísíọ̀mù lọ. Bí ó bá wọ inú hóró ápátáìtì, yóò fẹ̀ ẹ́. Ó tún ní àǹfààní kan tí kò ní àríyànjiyàn nínú: ó ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì hàn kedere sí i nínú àwòrán X-ray, oníṣẹ́ abẹ yóò sì rí ibi tí ó ń lọ.

Orúkọ rere tí sítírọ́ńtíọ̀mù ní, ọ̀dọ̀ oògùn ni ó ti wá. Strontium ranelate, tí aláìsàn ń mu ní gíráàmù 2 lójúmọ́, gba àṣẹ ní Yúróòpù lọ́dún 2004 fún àwọn obìnrin tí egungun wọn ti gbẹrẹfu. Ìwádìí ńlá fi hàn pé ó dín ṣíṣẹ́ egungun wọn kù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 àti 2014, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Yúróòpù dín ìlò rẹ̀ kù gidigidi nítorí ewu àrùn ọkàn, ilé-iṣẹ́ tí ó dá a sílẹ̀ sì kéde lọ́dún 2017 pé òun yóò dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí sìmẹ́ńtì ka ìtàn yìí sí ìdí láti tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní bí sítírọ́ńtíọ̀mù bá wà nínú sìmẹ́ńtì, ojú ọgbẹ́ nìkan ni yóò ti ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì dé inú ẹ̀jẹ̀. Èrò náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ìtàn náà ń tọ́ka sí. Àwọn tí wọ́n mu oògùn náà lè dáwọ́ dúró nígbà tí ewu hàn. Bí ewu kan bá farahàn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lára sìmẹ́ńtì, kí ni wọn yóò dá dúró? Ó tún ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé sítírọ́ńtíọ̀mù àpọ̀jù ń sọ egungun di rírọ̀ lára eku àti lára àwọn tí kídìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ti sìmẹ́ńtì gan-an, iṣẹ́ méjì tí ó jáde lọ́dún 2013 ní Jámánì yẹ fún ìyìn. Nínú èkíní, Schumacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden fi kábónétì sítírọ́ńtíọ̀mù rọ́pò kábónétì kálísíọ̀mù nínú ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn egungun ènìyàn pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń di sẹ́ẹ̀lì tí ń mọ egungun. Nínú èkejì, Thormann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú sìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ dí egungun itan àwọn eku tí wọ́n ti yọ ilé ẹyin wọn kí egungun wọn lè gbẹrẹfu. Wọ́n fi í wé sìmẹ́ńtì lásán, wọ́n sì tún fi í wé ihò tí wọn kò dí rárá. Egungun tuntun pọ̀ ní ìdí èyí tí ó ní sítírọ́ńtíọ̀mù. Ohun tí ó gbé iṣẹ́ yìí ga ni pé egungun aláìlera ni wọ́n lò, nítorí egungun aláìlera ni aláìsàn ní. Ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn ń dán oògùn arúgbó wò lára ọ̀dọ́.

Síbẹ̀, ìbéèrè Bohner kò tíì kúrò nílẹ̀. Sìmẹ́ńtì ápátáìtì lásán a máa fa kálísíọ̀mù láti inú omi tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé nínú àwo, ìyẹn nìkan sì lè pa sẹ́ẹ̀lì lára. Bí sìmẹ́ńtì onísítírọ́ńtíọ̀mù bá ń fà á ní ìwọ̀n tí ó yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé ìyà tí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ ni ó dínkù, kì í ṣe pé oúnjẹ wọn pọ̀ sí i. Àbájáde méjèèjì jọra lójú ẹni tí ó kàn ka iye sẹ́ẹ̀lì.

5.0 Àwọn Àbùkù Tí Ó Wọ́pọ̀

Láti inú àyẹ̀wò òkè yìí, àbùkù mẹ́ta ni ó fara hàn.

Àkọ́kọ́ ni àbùkù ìfiwéra. Ọ̀pọ̀ ìwé ń fi sìmẹ́ńtì oníèròjà wé sìmẹ́ńtì lásán bí ẹni pé èròjà nìkan ni ó yà wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtóbi hóró, iye ihò kéékèèké inú rẹ̀, ìyára yíyòrò rẹ̀ àti bí omi rẹ̀ ti kan tó, gbogbo wọn ni ó ti yí padà.

Èkejì ni àbùkù àyálò. Ẹ̀rí ohun sísun di ẹ̀rí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀rí oògùn ẹnu di ẹ̀rí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀rí orí àwo di ẹ̀rí inú ara. Kò burú kí ènìyàn yá ẹ̀rí lò, bí ó bá sọ pé òun yá a, tí ó sì mọ iye tí òun yóò san padà.

Ẹ̀kẹta ni àbùkù àkókò. Sìmẹ́ńtì ápátáìtì lè wà nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó wọ́pọ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ti síńkì ti fi hàn pé ohun tí ó dára ní ìbẹ̀rẹ̀ lè yí padà bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àbùkù wọ̀nyí kéré, kí ó rántí ọ̀rọ̀ Norian XR ní Amẹ́ríkà. Sìmẹ́ńtì fọ́sífétì kálísíọ̀mù ni, tí wọ́n fi báríọ̀mù sọ́fétì kún kí ó lè hàn nínú àwòrán X-ray. Wọ́n lò ó fún egungun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé àṣẹ wà fún irú ìlò bẹ́ẹ̀, aláìsàn mẹ́ta sì kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ìjọba pe ẹjọ́ lọ́dún 2009, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn sì gbà lọ́dún 2010 pé àwọn jẹ̀bi. Báríọ̀mù kì í ṣe èròjà-bíńtín, kì í sì í ṣe òun ni ẹjọ́ náà dá lé, bí kò ṣe dídán sìmẹ́ńtì wò lára ènìyàn láìgba àṣẹ. Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí nínú rẹ̀ ni pé sìmẹ́ńtì tí ó ti gba àṣẹ fún ibì kan lára kò tipa bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ fún ibi gbogbo, àti pé láàárín àwo ìwádìí àti ara ènìyàn, ọ̀nà jìn.

6.0 Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìwádìí Ṣe

Àwọn kan lè takò kókó iṣẹ́ yìí báyìí: kí ni ó kan oníṣẹ́ abẹ bóyá èròjà ni ó mú egungun hù tàbí sìmẹ́ńtì tí ó yí padà? Bí egungun bá ṣáà ti hù, iṣẹ́ ti parí. Àtakò yìí lágbára, ó sì yẹ fún èsì.

Èsì rẹ̀ pín sí méjì. Ní ìkíní, ẹni tí kò mọ ohun tí ó fa rere kò lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé èròjà ni, iye tí ó ń jáde lójúmọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ pé hóró kékeré ni, iye náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ṣi èkíní mú fún èkejì lè máa fi kún èròjà títí yóò fi dé ibi tí síńkì dé ní 0.633%. Ní ìkejì, bí ó bá jẹ́ pé ìyípadà ara sìmẹ́ńtì ni ó mú egungun hù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ìyípadà kan náà nípa lílọ ìyẹ̀fun kúnná sí i, tàbí nípa fífi ihò kéékèèké sí i, láìfi ohun kan tí yóò máa gbé nínú ara aláìsàn fún ọdún kún un.

Nítorí náà, ìwádìí tí yóò tán iyàn gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ ìfiwéra mẹ́ta ó kéré tán: sìmẹ́ńtì lásán, sìmẹ́ńtì oníèròjà, àti sìmẹ́ńtì tí kò ní èròjà ṣùgbọ́n tí wọ́n ti tún ṣe kí ìtóbi hóró rẹ̀ àti ìyára yíyòrò rẹ̀ lè bá ti oníèròjà dọ́gba. Nínú àwo, ó yẹ kí wọ́n tún fi èròjà nìkan sínú omi sẹ́ẹ̀lì láìsí sìmẹ́ńtì, ní ìwọ̀n kan náà tí ó ń jáde láti ara sìmẹ́ńtì. Nínú ẹran, ó yẹ kí wọ́n wọn iye èròjà tí ó wà nínú egungun tí ó yí sìmẹ́ńtì ká, kì í ṣe iye tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun. Egungun ẹran náà gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìlera, ìwádìí náà sì gbọ́dọ̀ pẹ́ títí tí apá kan sìmẹ́ńtì náà yóò fi lọ. Kò sí ohun tí ó ṣòro jù nínú ìwọ̀nyí. Ìnáwó àti sùúrù ni wọ́n ń béèrè.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé kí wọ́n má ṣe fi èròjà-bíńtín kún sìmẹ́ńtì egungun mọ́. Ó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì dọ́gba. Iṣẹ́ magnísíọ̀mù nínú sìmẹ́ńtì búrúṣáìtì dájú, nítorí ara sìmẹ́ńtì ni wọ́n ti wá a, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rí i. Síńkì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ tóóró ju ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ lè wọ̀n lọ. Ti sílíkọ̀nù, àbájáde wà, a-bá-ṣe-é ni kò tíì hàn. Sítírọ́ńtíọ̀mù ni ó sún mọ́ ibùsùn aláìsàn jù, òun náà sì ni ìtàn rẹ̀ ń kìlọ̀ jù.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí yóò kọ̀wé lẹ́yìn èyí kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n tó yin èròjà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé sìmẹ́ńtì kọ́ ni ìyìn tọ́ sí. Obìnrin àgbàlagbà tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ kò ní ka ìwé wọn. Ohun tí wọ́n bá kọ níbẹ̀ ni wọn yóò fi dí egungun rẹ̀, kò sì ní sí ọ̀nà láti bu ú jáde bí wọ́n bá ṣìṣe.